Ògiri tí omi bàjẹ́: Ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé kí ẹ tó ra ọ̀dà

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa nílẹ̀ Yorùbá, láti oṣù kẹrin lọ, kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan ló máa ń wojú sánmà. Onílé ń wò ó, ayálégbé náà ń wò ó. Àbàwọ́n tó pọ́n bí omi tíì yóò yọ lára àjà, yóò máa fẹ̀ sí i bí òjò ṣe ń rọ̀. Ọ̀dà ara ògiri yóò wú bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Nígbà tó bá fi máa di oṣù keje, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri yóò ti máa já bọ́ ní wóńwó, yàrá yóò sì máa rùn bí aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí láì tíì gbẹ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á mú sùúrù di ìparí ọdún. Bí Kérésì bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á pe pẹ́ńtà. Ìyẹn á ha ojú ògiri díẹ̀, á fi ọ̀dà tuntun bò ó. Ilé á dán, àlejò á yìn ín. Ṣùgbọ́n bí òjò ọdún tuntun bá fi rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta péré, àbàwọ́n àná á tún yọjú síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Nígbà mìíràn, á tún mú àbúrò rẹ̀ dání.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, omi ni ẹ̀tẹ̀, àbàwọ́n ni làpálàpá. Ẹni tó bá ń kun ilé lọ́dọọdún láì mọ ibi tí omi ti ń wọlé, inú ajere ló ń da owó rẹ̀ sí. Kódà, ọ̀rọ̀ náà ju ti owó lọ, nítorí ògiri tó ń mumi lè gbé iná mànàmáná, ó lè kó àìsàn bá ọmọdé, ó sì lè wó lu ẹni tó sùn sí ìdí rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́rin tí omi ń gbà wọlé

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni òkè. Páànù lè ti dípẹtà, rọ́bà tó wà nídìí ìṣó lè ti gbẹ, ewé sì lè ti dí gọ́tà orí òrùlé débi pé omi ń ṣẹ́rí padà sínú ilé. Bí àbàwọ́n bá jẹ́ pé ìgbà tí òjò bá rọ̀ nìkan ló ń fẹ̀, tó sì ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òrùlé ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ihò máa ń wà lókè àbàwọ́n gan-an. Omi lè wọlé níbì kan, kó tọ igi òrùlé lọ bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kó tó kán sílẹ̀. Ìdí nìyí tí káfíńtà tó mọṣẹ́ fi máa ń wọ inú àjà ní ọ̀sán gangan láti wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti ń yọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gun òrùlé nígbà tí òjò ń rọ̀ tàbí tí páànù bá tutù.

Ọ̀nà kejì ni páìpù. Ògiri tó kángun sí balùwẹ̀, ilé ìgbẹ́ tàbí ilé ìdáná ló sábà máa ń fara gbá èyí. Bí ògiri bá rin nínú oṣù kìíní, tí òjò kò rọ̀, ẹjọ́ òrùlé kọ́ nìyẹn. Ọ̀nà tó rọrùn wà láti dá a mọ̀: kí wọ́n kún tàǹkì ní alẹ́, kí wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń fa omi, kí wọ́n ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ, kí wọ́n sì sàmì sí ibi tí omi dé. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì lò ó, ó ní ibi tó ń jò sí.

Ọ̀nà kẹta ni ilẹ̀. Búlọ́ọ̀kù máa ń fa omi láti ilẹ̀ gòkè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Ìdí tí àwọn birikìlà fi ń tẹ́ náílọ́ọ̀nù dúdú tó nípọn sábẹ́ ilẹ̀ ilé àti sí ìdí ògiri nìyẹn. Bí wọn kò bá tẹ́ ẹ, tàbí tó ti ya, tàbí tí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sí ìta títí ó fi ga ju ibi tí náílọ́ọ̀nù wà lọ, omi yóò rí ọ̀nà gòkè. Àmì rẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ògiri ló ń bàjẹ́, kì í sábà ga ju mítà kan lọ, nǹkan funfun bí iyọ̀ yóò sì máa hó jáde lára rẹ̀. Àwọn tó kọ́lé sórí àbàtà ní Èkó mọ èyí bí ẹni mowó.

Ọ̀nà kẹrin ni ẹ̀gbẹ́. Òjò tó bá afẹ́fẹ́ rìn máa ń wọlé láti ojú ibi tó sán lára ògiri ìta, pàápàá ní igun fèrèsé. Omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù náà máa ń rẹ ògiri díẹ̀díẹ̀ láì sí ẹni tó fura. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ omi rí.

Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì rú onílé lójú, kí ó gé náílọ́ọ̀nù tí kò ní àwọ̀, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóròó, kí ó fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri, kó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí inú, lápá ibi tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ni omi wà. Bó bá jẹ́ pé ojú náílọ́ọ̀nù tó kọjú sí yàrá ni omi sẹ̀ sí, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ yàrá náà ló ní ọ̀rinrin púpọ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò nílò birikìlà. Ohun tó nílò ni kí wọ́n máa ṣí fèrèsé, kí wọ́n yéé sá aṣọ tútù sínú yàrá.

Kí ọwọ́ tó kan ògiri

Iná ni kí wọ́n kọ́kọ́ pa láti orísun rẹ̀, bí omi bá ti dé ibi tí wáyà, súìṣì tàbí gílóòbù wà. Ìkà ni iná àti omi bí wọ́n bá pàdé. Kí wọ́n má sì tan án padà títí oníná yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Àjà tí wọ́n fi POP ṣe náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fojú di. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Bí omi tó kún gálọ́ọ̀nù ogún lítà bá gbára jọ sórí àjà, ogún kílò ló rọ̀ mọ́ orí àwọn tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Bí POP bá ti tẹ̀ wá sílẹ̀ bí ikùn aláboyún, kí wọ́n kó ọmọ àti ẹrù kúrò lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa iná, kí ẹnì kan dúró sí ẹ̀gbẹ́, kó fi igi gígùn tó ní ẹnu ṣóńṣó lu ihò kékeré sí ibi tó tẹ̀, kí omi lè máa dà sínú garawa.

Ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ogójì sí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ló jẹ́ pé asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ṣe àjà wọn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ gbangba pé gbogbo oríṣi asibẹ́sítọ́ọ̀sì ló lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Eruku rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ jókòó sí, ó sì lè tó ogún ọdún sí ogójì ọdún kí àìsàn tó yọjú. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ayùn rẹ́ ẹ, kò gbọ́dọ̀ ha á, kò sì gbọ́dọ̀ fi ìgbálẹ̀ gbá èérún rẹ̀ ní gbígbẹ. Bí ó bá ní àbàwọ́n lásán, tí kò sán, kí wọ́n tún òrùlé ṣe, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n sì kun ọ̀dà lé e láì ha á. Bó bá ti fọ́, iṣẹ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u ni. Ìyẹn yóò fi omi rẹ ẹ́, yóò tú u ní odindi, yóò sì dì í sínú náílọ́ọ̀nù.

Nǹkan dúdú tó ń hù lára ògiri tútù náà ní ewu tirẹ̀. Èbu ni, ìbátan èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Ní ọdún 2009, WHO gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi yéni pé ikọ́, ikọ́ fée àti àìsàn èémí mìíràn máa ń pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń gbé inú ilé tó rin. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń wú ikọ́ ní gbogbo ìgbà òjò, tó sì ń ra oògùn káàkiri, ó yẹ kó wo ẹ̀yìn ibùsùn ọmọ náà dáadáa. Ọṣẹ àti omi ni wọ́n fi ń fọ èbu kúrò lára ògiri sìmẹ́ǹtì, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ sì bo imú, kó ṣí fèrèsé. Tí èbu bá ti wọ inú POP tàbí pátákó àjà, kò ní fífọ̀, dídànù ni.

Sùúrù ni oògùn ọ̀rinrin

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí. Wọ́n á dí ihò òrùlé lónìí, wọ́n á rẹ́ ògiri lọ́la, wọ́n á kun ún lọ́tunla. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ògiri kì í gbẹ kíákíá. Òṣùwọ̀n tí àwọn kọ́lékọ́lé máa ń lò ni pé ìǹṣì kan ògiri tó ti mumi yó lè gba oṣù kan kó tó gbẹ. Bí wọ́n bá fi búlọ́ọ̀kù ìǹṣì mẹ́fà kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ oṣù ni, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀.

Kí wọ́n ha ọ̀dà tó ti wú kúrò kí ògiri lè mí. Kí wọ́n ṣí fèrèsé ní ọ̀sán, kí wọ́n tan fáànù sí i bí iná bá wà. Kí wọ́n má ṣe gbé ìkòkò èédú tàbí jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá pé àwọn fẹ́ kó tètè gbẹ, nítorí èéfín wọn lè pa odindi ìdílé mọ́jú. Nǹkan funfun bí iyọ̀ tó bá hó jáde, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí wọ́n fi gbá a kúrò, kí wọ́n sì kó o dànù. Ẹni tó bá fi omi fọ̀ ọ́ ń yọ́ ọ padà sínú ògiri ni, yóò sì tún padà wá.

Bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ògiri padà

Bí ògiri bá ti gbẹ tán, kí wọ́n fi ìdí òòlù kan án láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó bá ń dún bí agbè òfìfo ti ṣí kúrò lára búlọ́ọ̀kù, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó. Kí wọ́n gbẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò títí wọn yóò fi kan ibi tó le, kí wọ́n sì tún fi nǹkan bí ìǹṣì mẹ́rin kọjá ibẹ̀. Bó bá jẹ́ pé omi ilẹ̀ ló bà á jẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wa iyẹ̀pẹ̀ ìta kúrò títí ilẹ̀ yóò fi lọ sílẹ̀ ju ti inú ilé lọ, kí wọ́n sì ṣe ọ̀nà tí omi òjò yóò máa gbà lọ. Bí ọ̀rinrin kò bá dín kù lẹ́yìn èyí, náílọ́ọ̀nù ìdí ògiri ló ní àléébù, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà gan-an ló sì lè tún un ṣe.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n gbá eruku kúrò, kí wọ́n fi òòlù sá ojú búlọ́ọ̀kù tó bá ń dán, kí ohun tí wọ́n bá rẹ́ mọ́ ọn lè rí nǹkan dì mú. Kí wọ́n wọ́n omi sí i níwọ̀nba. Omi yìí kò ta ko gbígbẹ tí wọ́n ti ń dúró dè. Búlọ́ọ̀kù tó bá gbẹ jù yóò fa omi inú sìmẹ́ǹtì mu, ohun tí wọ́n rẹ́ yóò sì sán.

Ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan sí ìwọ̀n iyanrìn márùn-ún dára, ohun kan náà ni kí wọ́n sì fi wọn méjèèjì. Kí iyanrìn náà mọ́, kó má ní amọ̀, kó má sì jẹ́ iyanrìn etí òkun, torí iyọ̀ inú rẹ̀ yóò tún máa fa ọ̀rinrin. Ìwọ̀nba tí wọ́n lè lò tán láàárín wákàtí kan ni kí wọ́n pò. Èyí tó bá ti ń le, wọn kò gbọ́dọ̀ da omi lé e kí wọ́n tún un pò. Agbára rẹ̀ ti lọ.

Kí wọ́n má ṣe rẹ́ ẹ nípọn ju ìlàjì ìǹṣì lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ihò náà bá jìn, kí wọ́n rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì fa ìlà sára ti àkọ́kọ́ kó tó le. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje. Sìmẹ́ǹtì kì í le nítorí pé ó gbẹ; ìdàpọ̀ òun àti omi ló ń sọ ọ́ di òkúta. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀dà olómi lè gorí rẹ̀. Ọ̀dà olóró tó ń dán kò yẹ ògiri tó ṣì ní ọ̀rinrin, ṣe ni yóò sé omi mọ́ inú, tí yóò sì wú. Ibi kan tó ti wúlò ni ara àjà tó ti gbẹ tán pátápátá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí wọ́n fi kun ojú àbàwọ́n, kó má baà yọ sójú ọ̀dà olómi tí wọ́n máa fi bò ó.

POP àti pátákó rẹ̀

Ohun tó jẹ́ sìmẹ́ǹtì lóòrè kọ́ ni POP fẹ́. Omi máa ń sọ POP di ẹ̀fun rírọ̀ ni. Ibi tó bá ti rọ̀ tàbí tẹ̀, gígé ni kí wọ́n gé e kúrò ní igun mẹ́rin, kí wọ́n sì fi tuntun dí i pẹ̀lú okùn ìdimú rẹ̀. Kò dára kí wọ́n po POP pọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì láti fi dí ihò, nítorí àwọn méjèèjì máa ń bá ara wọn jà bí ọ̀rinrin bá kàn wọ́n, wọn yóò wú, wọn yóò sì sán. Bákan náà, POP kò yẹ ògiri ìta àti ti balùwẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé tuntun àti ọ́fíìsì ní Èkó ti ń fi pátákó tí wọ́n fi irú ohun kan náà ṣe, tí wọ́n fi pépà bò níwá lẹ́yìn, pín yàrá. Òun ni ògiri àwọn ará Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó pọ̀ ní ìlú Houston rí ìwà rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí ìjì tí wọ́n pè ní Harvey fi omi kún ìlú náà. Pépà ara pátákó náà ni oúnjẹ èbu, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ló sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Iṣẹ́ tó gba ilé kan lẹ́yìn omi ni kí wọ́n tètè gé pátákó náà kúrò kọjá ibi tí omi dé, kí wọ́n kó o síta, kí afẹ́fẹ́ sì fẹ́ sí igi inú ògiri títí yóò fi gbẹ. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé níbí, ohun kan náà ni kó ṣe. Pátákó tó ti mumi kì í padà le.

Ilé alámọ̀ ní tirẹ̀

Ní àárín gbùngbùn Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti àwọn ìlú àtijọ́ mìíràn, amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ agboolé, kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lóde. Sìmẹ́ǹtì náà ń dán lójú, ṣùgbọ́n tí omi bá gba ojú ibi tó sán wọlé, kì í rí ọ̀nà jáde. Amọ̀ yóò máa rọ̀ nínú, ẹni tó wà níta kò sì ní mọ̀. Ìlú Ìbàdàn kò gbàgbé 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún, kò sì gbàgbé 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí ìkún omi pa ènìyàn tó lé ní 100. Lẹ́yìn irú omi bẹ́ẹ̀, ilé alámọ̀ lè dúró lójú ẹni lónìí, kó sì wó ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta.

Fún ilé bẹ́ẹ̀, amọ̀ ni kí wọ́n fi dí amọ̀, kí páànù yọ síta dáadáa kí omi má baà máa ta sí ìdí ògiri. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá tẹ̀, bí ibi tó sán bá fẹ̀ tó ẹni lè ti ìka bọ̀ ọ́, bí ilẹ̀kùn tó ń tì dáadáa tẹ́lẹ̀ bá dédé há, iṣẹ́ àtúnṣe ilé ti parí níbẹ̀. Kí wọ́n kó jáde kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.

Ta ni yóò sanwó?

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ onílé àti ayálégbé. Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 gbé àtúnṣe ara ìta ilé àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò lé onílé lọ́rùn, àyàfi bí ìwé àdéhùn wọn bá sọ nǹkan mìíràn. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí ayálégbé tètè fi ìwé sọ fún onílé, kó ya àwòrán ibi tó bàjẹ́, kó sì gba àdéhùn sílẹ̀ kó tó ná owó tó máa ní kí wọ́n yọ nínú owó ilé. Onílé tó bá ń dá lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nù náà ń tan ara rẹ̀ jẹ, nítorí bí ayálégbé bá kó lọ, ògiri kò ní bá a lọ.

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni àsìkò iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ògiri ń gbẹ, ihò òrùlé ń hàn, káfíńtà àti birikìlà sì ṣeé rí. Ẹni tó bá fi oṣù wọ̀nyí kó ewé kúrò nínú gọ́tà, tó pààrọ̀ rọ́bà ìdí ìṣó, tó dí ibi tó sán lára ògiri ìta, lè má ná tó owó gálọ́ọ̀nù ọ̀dà mélòó kan. Òjò kì í bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Ibi tí a bá ṣí sílẹ̀ fún un ló ń gbà.